Ọkùnrin Tó Kó Ìgẹ̀ Ewúrẹ́ Pamọ́ Sínú Búrẹ́dì

Ọ̀bẹ náà kọ́kọ́ dúró díẹ̀. Ó dúró lórí èèpo búrẹ́dì bí eṣinṣin tí kò tíì mọ ibi tí yóò bà sí. Ìka ìfábẹ̀lá Benedict Mákánjúọlá tẹ ẹ̀yìn irin náà, ìka kékeré rẹ̀ nà sókè, ó ta kété sí àwọn ìyókù bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kó má bá ọmọ aládùúgbò ṣeré. Ó wá fa ọ̀bẹ. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èèpo pupa ṣubú sórí pákó, tẹ́ẹ́rẹ́, gígùn, láìjá. Ó yí búrẹ́dì náà. Ó tún fà á. Ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ rọ̀, ó funfun, kò létí.

Àwọn awakọ̀ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ń wò ó bí ẹni ń wo wèrè tó ń gé bàtà tuntun.

"Àbí ẹ ò rí i? Ibi tó dùn jù ló ń sọ nù yẹn," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ó ń ha á bí ẹni ń ha púpurù," èkejì dá a lóhùn.

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ará Ìkálẹ̀ tí kò mọ̀ pé dúdú ni púpurù, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wọn, máa ń ti orí iná bọ̀, àti pé a ní láti ha èéfín kúrò lára rẹ̀ kí a tó gún un, kí a tó rò ó. Benedict kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè.

"Púpurù ni wọ́n ń ha," ó wí. "Èyí, gígé ni wọ́n ń gé e."

Irú ènìyàn tó jẹ́ nìyẹn. Kò sí orúkọ kan tó lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kó má dá a dúró bí ọlọ́pàá, kó yẹ ẹrù rẹ̀ wò.

Òkìtìpupa ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì kéré, àbúrò ìyá rẹ̀, Àǹtí Mildred, ló tọ́ ọ, lórí ẹ̀gẹ́ àti epo pupa. Nígbà tí irun ń hù lágbọ̀n rẹ̀, ó bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ gẹdú lọ sí Sapẹlẹ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ, ọ̀kan kọ́ iṣẹ́ káfíńtà. Ọ̀kan kọ́ mẹkáníìkì. Ọ̀kan tilẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń jalè, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Benedict wọ ilé òyìnbó kan tó ń gé igi, ó fọ aṣọ rẹ̀, ó fọ àwo rẹ̀, nígbà tó yá wọ́n jẹ́ kó wọ ilé ìdáná. Òyìnbó náà kì í délé jẹun ọ̀sán. Inú igbó ló ń jẹ ẹ́, lórí kùkùté igi, ohun kan náà lójoojúmọ́ ayé. Ọ̀pọ̀ ọdún. Gbogbo ohun tí Benedict kọ́ ní ìlú onílùú náà ni bí a ṣe ń fi nǹkan sáàárín búrẹ́dì.

Ó mọ̀ ọ́n. Kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 1967, tí àwọn ọmọ ogun wọ ìhà ibẹ̀, òyìnbó di ẹrù rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ kan, ọ̀pọ́n irin kan àti kóòtù funfun kan tó ní bọ́tìnnì bàbà sílẹ̀ fún kúùkù rẹ̀. Benedict bá ọkọ̀ àwọn Ìlàjẹ gba ojú omi títí dé Igbókọ̀dá. Gbogbo ènìyàn tó wà nínú ọkọ̀ náà ló gbé nǹkan lọ́wọ́. Ọmọ. Ẹní. Adìẹ. Ìkòkò. Benedict gbé ọ̀pọ́n irin rẹ̀ sókè orí kí omi má baà ta sí i.

Ó ṣí ilé tíì sí ọ̀kánkán gáréèjì Òkìtìpupa. Pákó mẹ́rin, páànù, bẹ́ǹṣì méjì. Kóòtù funfun lọ́rùn rẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó rò pé Ọlọ́run torí rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ ogun: kí ará Ìkálẹ̀ lè mọ ìyàtọ̀.

"Ẹ fún mi ní búrẹ́dì ẹlẹ́yin," awakọ̀ kan láti Igbótako wí fún un lọ́jọ́ kan. Ó ti kó gàrí kún ọkọ̀ rẹ̀, ebi ń pa á, ojú ọ̀nà ń dúró dè é.

"A ò tà á."

Awakọ̀ náà nawọ́ sí ọ̀pọ́n. "Kí lèyí?"

"Sáńwíìṣì ẹlẹ́yin."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ẹyin."

"Kí ló bò ó?"

"Búrẹ́dì."

"Ó dáa, Ọ̀gá. Ẹ ta ohun tí ẹ pè é fún mi. Èmi á jẹ ohun tí mo pè é."

Ó jẹ ẹ́ tán, ó tún ra òmíràn. Ṣùgbọ́n Benedict kò sùn dáadáa lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí ẹnikẹ́ni bá fún un láyè, yóò ṣàlàyé. Bí ẹnikẹ́ni kò bá fún un láyè, yóò ṣì ṣàlàyé. Búrẹ́dì tí a fi bọ́tà pa, búrẹ́dì náà ni, ọ̀ṣọ́ lásán ni bọ́tà, ṣé aṣọ ń sọ ẹrú di ọmọ? Tóòsì ni èyí tó ti rí iná, ìyá kan náà ló bí i pẹ̀lú sáńwíìṣì ṣùgbọ́n wọn kì í gbé ilé pọ̀. Èyí tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí búrẹ́dì rẹ̀ jẹ́ ìpele mẹ́ta, ìjòyè ni, kì í ṣe ti ẹnu awakọ̀. Èyí tí wọn kò bò lórí, tí ẹran rẹ̀ jókòó síta gbangba, àìdérí ló ń jẹ́, àwọn òyìnbó kan tí ilé wọn tutù ló ń jẹ ẹ́, bóyá nítorí pé eṣinṣin kò sí lọ́dọ̀ wọn. Róòlù rí roboto, kò sì yẹ kó bá sáńwíìṣì jókòó. Bọ́gà sì ń bẹ. Atukọ̀ ojú omi kan ló sọ fún un nípa bọ́gà. Òun fúnra rẹ̀ kò rí bọ́gà rí. Bọ́gà ló sì máa ń bá ènìyàn jiyàn lé lórí jù.

Àwọn tíṣà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n máa ń wá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọn a jókòó síbi tí àwọn tó ń kọjá lọ yóò ti gbọ́ wọn, wọn a sì béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ ní ohùn òkè. Wọn kì í jẹ ẹ́ tán. Ilé ni wọ́n ti ń lọ jẹ púpurù.

Ohun kan ṣoṣo wà tí Benedict fẹ́ láyé tí kò lè fi ọ̀bẹ gé sí bó ṣe wù ú. Helen.

Ọmọ Ìjù-Odò ni Helen. Àkàrà ló ń dín nínú gáréèjì, ní tòsí Benedict, ó máa ń la búrẹ́dì sí méjì, á ki àkàrà gbígbóná bọ inú rẹ̀, á sì fi bébà wé e. Iwájú rẹ̀ kì í dá. Ẹlòmíràn ìbá kà á sí ọ̀tá. Ẹlòmíràn ìbá kúkú kọ̀ láti kí i. Benedict kàn lọ dúró síwájú agbada rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò.

"Bùrọ̀dá Benedict, kí lẹ ń wò?" Helen bi í. "Àkàrà tèmi náà wà láàárín búrẹ́dì. Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Ìyẹn?" Benedict ronú. Ó ronú gidi, ó di ojú rẹ̀. "Ìyẹn kò ní orúkọ. Búrẹ́dì tó gbé àkàrà mì ni."

Helen rẹ́rìn-ín títí tí àkàrà fi jóná nínú epo. Ọ̀rọ̀ tó dára jù tí ọkùnrin náà sọ láyé rẹ̀ nìyẹn, kò sì mọ̀ pé ó pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń gbé tíì wá fún un ní òwúrọ̀. Ó ń pò ó fúnra rẹ̀, ó ń gbé e wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwo lábẹ́ ife. Ní Òkìtìpupa. Lójú gbogbo ayé. Ọkùnrin ń gbé tíì fún obìnrin. Àwọn ìyàwó ilé ń rọra kọjá kí wọ́n lè rí i dáadáa, wọn a sì lọ bá ọkọ wọn jà nílé. Kí ọdún 1969 tó parí, Helen ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ti rí ọkọ.

Ìyá rẹ̀, Salome, jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, obìnrin aláṣọ funfun tó máa ń gbààwẹ̀ lórí ohun gbogbo. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rù sì bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù Benedict. Ẹ̀rù ìgẹ̀ ni.

Nítorí pé ní Ìjù-Odò, ẹran ìdána kì í ṣe ẹran lásán. Àwọn ará ọkọ ló ń pa ewúrẹ́ ní ilé wọn, wọn a kun ún, wọn a sè é, wọn a sì gbé e wá ní odindi apá-apá. Orí lọ́tọ̀. Ọrùn lọ́tọ̀. Itan lọ́tọ̀. Ìgẹ̀ lọ́tọ̀. Ìyá ìyàwó ló ni itan. Olórí ẹbí ló ni ìgẹ̀, ìyá ìyàwó ló sì máa ń gbé e lọ síwájú rẹ̀ lórí eékún, lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ìgẹ̀ bá dúró síwájú rẹ̀, òun ni olórí. Ọ̀rọ̀ tán. Kò sí ẹni tó tún lè jiyàn.

Olórí ẹbí wọn sì ti kú nígbà òjò. Àwọn àgbà méjì ló kù, Bàbá Lucas àti Bàbá Adésànyà. Bàbá Lucas ní ọdún tí ṣọ̀pọ̀nná jà nílùú ni wọ́n bí òun. Bàbá Adésànyà ní òun ti ń rákò nígbà tí ṣọ̀pọ̀nná náà dé. Kò sí ẹni tó ṣì wà láàyè tó rí èyíkéyìí nínú wọn ní ọmọ jòjòló. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin òkú náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Wọ́n ń dúró de ewúrẹ́ Benedict.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdána, Àǹtí Mildred wọ ilé ìdáná ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó bá a pẹ̀lú kóòtù funfun, pẹ̀lú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí ẹran sísè.

"Benedict, kí lo ń ṣe sí ìgẹ̀ yẹn?"

"Mò ń yọ eegun rẹ̀, Àǹtí."

"Ta ló ní kó o yọ eegun rẹ̀?"

"Eegun kì í wọ sáńwíìṣì."

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí. "Sáńwíìṣì. Sí ilé àna."

"Wọn á jẹ ohun tí wọn ò jẹ rí."

"Ìyẹn gan-an lẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ọmọ mi, gbọ́. Odindi ni wọ́n ń gbé ìgẹ̀ wọ Ìjù-Odò. Àwọn bàbá méjì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé nítorí ìgẹ̀ yìí ni wọn ò tíì fi kú."

"Helen ti sọ fún mi." Ó ń gún ẹran náà lọ nínú odó kékeré, pẹ̀lú ata, pẹ̀lú bọ́tà. "Èmi á parí ìjà wọn fún wọn. Bákan náà ni gbogbo wọn máa jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn níbi tí ojú ti là."

"Benedict. Àna kì í ṣe oníbàárà."

"Ẹ ṣáà máa wò ó, Àǹtí."

Wọ́n wò ó.

Lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, nínú ọyẹ́, gbogbo ẹbí jókòó. Bàbá Lucas lápá ọ̀tún, Bàbá Adésànyà lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí bẹ́ǹṣì tirẹ̀, àyè tó gba màlúù láàárín wọn. Wọ́n ti wẹ̀. Wọ́n ti fá irun. Wọn kò tíì jẹun láti òwúrọ̀, kí ìgẹ̀ lè bá àyè. Benedict wọlé pẹ̀lú ọ̀pọ́n irin, aṣọ funfun lórí rẹ̀, àwọn ìbátan rẹ̀ gbé ọ̀pọ́n mìíràn tẹ̀lé e. Ó ṣí aṣọ. Sáńwíìṣì. Igun mẹ́ta-mẹ́ta, wọ́n tò bí òrùlé ilé, gbogbo wọn dọ́gba, kò sí èyí tó ga ju èkejì lọ.

Salome wò ó. Ó wo ọ̀pọ́n kan, ó wo èkejì. Kò sí ìgẹ̀. Kò sí ẹni tí òun ní láti kúnlẹ̀ fún, kò sí ẹni tí òun ní láti fi ṣe ọ̀tá títí ayé. Gbogbo ààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn! Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Olúwa, o ṣeun."

Òun nìkan ló dúpẹ́.

"Ọmọ wa," Bàbá Lucas wí jẹ́jẹ́, "a rí búrẹ́dì. Ó dára. Ewúrẹ́ dà?"

"Ó wà nínú rẹ̀, bàbá."

"Nínú búrẹ́dì?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Kì í ṣe búrẹ́dì. Búrẹ́dì ni èyí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Sáńwíìṣì lèyí."

Ẹnì kan húkọ́ lẹ́yìn. Àǹtí Mildred fa ìrù kóòtù funfun.

"Ìgẹ̀ dà?" Bàbá Adésànyà ló bi í. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Gbogbo yín lẹ máa jẹ nínú rẹ̀, bàbá." Benedict ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ìhìn rere ni. "Mo yọ eegun, mo gún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Orí, ọrùn, itan, ìgẹ̀, wọ́n ti di ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ju ẹnìkejì lọ."

"Kò sẹ́ni tó máa jẹ ju ẹnìkejì lọ," Bàbá Adésànyà tún un sọ, bí ẹni tó ń gbọ́ ìkéde òkú ara rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó sílẹ̀, tí imú rẹ̀ ń ṣàn, tí ẹnu rẹ̀ ti kún. "Ọmọ́túndé náà ń kọ́? Ọmọ́túndé náà ń jẹ ìgẹ̀?"

"Díẹ̀ wà nínú tirẹ̀, bàbá."

"Ó dùn," Ọmọ́túndé wí.

Bàbá Lucas nawọ́. Ó fi ìka méjì gbé búrẹ́dì òkè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ṣí òmíràn. Bàbá Adésànyà dìde, ó rìn kọjá àyè màlúù, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí kejì ọ̀pọ́n. Wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń ṣí i, bí ẹni tí òrùka rẹ̀ bọ́ sínú yanrìn. Búrẹ́dì ń kórajọ sílẹ̀. Adìẹ ti rí wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i!" Benedict kígbe. "Bí ẹ bá ti ṣí i, kì í ṣe sáńwíìṣì mọ́! Àìdérí ló dà yẹn, ìyẹn lórúkọ tirẹ̀ lọ́tọ̀!"

Bàbá Lucas gbójú sókè. "Ẹni tó jẹ ìgẹ̀ àna rẹ̀ lójú ọ̀nà náà ń kọ́?" ó bi í. "Ìyẹn náà lórúkọ tirẹ̀."

Àtíbàbà dà rú fún ẹ̀rín. Ẹ̀rín tó ń dunni. Helen, láti inú yàrá níbi tí wọ́n ti ń wé gèlè fún un, gbọ́ ẹ̀rín náà ó sì rò pé ọ̀rọ̀ ti dáa.

"Lucas, ṣé o rí i?"

"Mo rí i, Adésànyà."

Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwọn méjèèjì lọ jókòó. Wọ́n pín aṣáà. Benedict ti parí ìjà wọn lóòótọ́.

Ẹbí ṣe ìpàdé, wọ́n sì fi inú rere hàn, gẹ́gẹ́ bí ẹnu àwọn fúnra wọn. Kí Benedict pa ewúrẹ́ mìíràn. Kó gbé e wá bí wọ́n ṣe ń gbé e wá. Kó sì dọ̀bálẹ̀, kó sọ létí gbogbo ènìyàn pé ohun tí òun gbé wá lọ́jọ́ kìíní kì í ṣe oúnjẹ ìdána, pé ìpápánu ni. Ọ̀rọ̀ kan péré. Ìpápánu. Lẹ́yìn náà, kó mú ìyàwó rẹ̀ lọ.

Helen fúnra rẹ̀ ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé tíì. Kò jókòó.

"Ìpápánu ni ẹ̀pà," Benedict wí. "Ìpápánu ni gúgúrú. Sáńwíìṣì, oúnjẹ ọ̀sán ni, Helen. Odindi ọkùnrin ló ń fi ṣiṣẹ́ igi ní Sapẹlẹ."

"Èmi kọ́ ni kẹ́ ẹ sọ fún."

"Ṣé kí n wá purọ́ nítorí àgbà méjì tí kò mọ nǹkan?"

"Ẹ purọ́ nítorí mi."

Benedict mú aṣọ ìnuwọ́, ó nu pákó tí kò dọ̀tí. Ó nu ún títí.

"Mo gbọ́," ó wí níkẹyìn. "Mo máa sọ ọ́."

Ó sì lọ. Ká má purọ́ mọ́ ọn. Ewúrẹ́ kejì sanra ju ti àkọ́kọ́ lọ, Àǹtí Mildred ló sì dúró tì í tí wọ́n fi kun ún, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣe é bó ṣe máa ń ṣe. Ìgẹ̀ wà nínú abọ́ funfun tirẹ̀, odindi, ọ̀rá rẹ̀ ń dán. Ẹbí tún péjọ. Salome ti tún gbààwẹ̀. Àwọn bàbá méjèèjì ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ṣùgbọ́n nígbà tí abọ́ náà wọlé, wọ́n sún síwájú díẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Díẹ̀ péré.

Benedict dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Kò wọ kóòtù funfun.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ó wí, "ohun tí mo gbé wá níjọ́sí, ìpápánu ni."

"Halelúyà," Salome wí.

Ẹ̀mí gbogbo ènìyàn balẹ̀. Helen, lẹ́nu ọ̀nà yàrá, fi ọwọ́ bo ẹnu, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Mildred ti di ojú rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì: dìde, dìde, dìde. Bó bá dìde nígbà yẹn, ó tán.

Kò dìde.

"Lédè tiwa níbí ni o," ó wí. "Ìpápánu la máa pè é lédè tiwa níbí."

"Benedict," Àǹtí Mildred wí.

"Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, ìpápánu yàtọ̀."

"Benedict!"

Ó wà nílẹ̀, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ti bọ́tà. Ó sọ ti tóòsì, ó sọ ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ìpele mẹ́ta, ó ya róòlù sọ́tọ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́, kò yára, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹni ń ka orí ìwé mímọ́ tó mọ̀ sórí. Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Ó ya gbogbo wọn lẹ́nu bí ọ̀rọ̀ náà ṣe gùn tó. Adìẹ kan rìn kọjá níwájú orí rẹ̀. Ó dé orí bọ́gà, ó parí.

"O ti ṣe tán?" Bàbá Adésànyà bi í.

"Mo ti ṣe tán, bàbá."

"Gbé ẹran rẹ."

Bàbá Lucas mi orí. Òun náà fọwọ́ sí i. Abọ́ kan ló sì wà níwájú wọn, ìgẹ̀ kan, àgbà méjì. Ẹni tó bá wo ojú wọn dáadáa lọ́jọ́ yẹn, yóò rí i pé kò sí èyí tó bínú tó bó ṣe ń ṣe.

Salome bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àǹtí Mildred gbé abọ́ orí, ó gbé abọ́ itan, kò wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú. Helen jáde láti ẹnu ọ̀nà. Ó dúró síwájú Benedict, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọn eruku kúrò láyà.

"Òótọ́ lẹ sọ, Bùrọ̀dá Benedict," ó wí. "Gbogbo rẹ̀ pátá."

Benedict rò pé ó ń yìn ín. Ó ti fẹ́ ṣe àlàyé díẹ̀ sí i. Helen wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Ní ọdún 1971, Helen fẹ́ mẹkáníìkì kan ní Igbótako. Ìgẹ̀ ewúrẹ́ rẹ̀, méjì ni wọ́n là á sí. Láti ìgbà náà, ààyè ni wọ́n ń mú ewúrẹ́ ìdána wọ ilé ẹbí yẹn ní Ìjù-Odò, àwọn ará ilé ló sì ń pa á.